Ìrọ̀lẹ́ fíìmù kéékèèké ní Òkè-Fìà: ṣé ká fi ohùn Yorùbá lé wọn, àbí ká jẹ́ kí àwòrán máa sọ tiẹ̀?

Àgbàlá_Fíìmù:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ará Òṣogbo Òròkí. Ẹni tó bá wá sí àgbàlá wa ní Òkè-Fìà lálẹ́ Sátidé ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Fún ẹni tí kò lè wá: a ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, a gbé pírójẹ́kítọ̀ kọjú sí i, nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú tán, a wo fíìmù kéékèèké tí wọ́n ṣe káàkiri àgbáyé. Èyí tó kúrú jù kò pé ìṣẹ́jú kan, èyí tó gùn jù sì tó bí ogún ìṣẹ́jú. Faransé, Kánádà, Amẹ́ríkà, Ìránì, Sẹ̀nẹ̀gà. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀pà nìkan lẹ fowó yín rà. A kọ̀wé gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni wọ́n ká tó gbé wọn jáde, àfi ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière, àwọn ará Faransé, tó ti pẹ́ débi pé kò sí ẹni tí à ń tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni fíìmù Sẹ̀nẹ̀gà. Faransé ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún ìyàwó rẹ̀. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlà ẹ̀yìn fi da etí kọ bàbá. Àwọn ọ̀dọ́ iwájú ní kí wọ́n dákẹ́, àwọn ti ẹ̀yìn ní kí wọ́n má dákẹ́, ariwo sọ. Díẹ̀ ló kù kó di ìjà.

A máa tún un ṣe lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé kí n fi ẹnì kan sídìí máìkì tí yóò máa sọ ọ́ ní Yorùbá, àbí kí n jẹ́ kí oníkálukú máa bá ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ jìjàkadì?

Ọmọ_Ọláìyá:
Ẹ̀gbọ́n, mo wà níbẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ti ohùn kọ́ ló dun èmi. Fíìmù ìṣẹ́jú kan! Mo ṣì ń wá ibi tí màá na ẹsẹ̀ sí, wọ́n ní ó ti tán. Èyí tó ń fi bọ́ǹbù ṣe ọbẹ̀ yẹn ńkọ́? Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kí ni mo lọ wò? Fíìmù tí èmi mọ̀, wákàtí kan àbọ̀ lẹ ó fi wo Apá Kìíní, wọn á sì tún ní kẹ́ ẹ máa retí Apá Kejì. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní fíìmù.

Wàhálà_Kòsí:
Apá Kejì tí àwọn méjì á fi jókòó nínú pálọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Ẹ káàbọ̀." "Ẹ ṣé." "Ẹ jókòó." "Mo dúpẹ́." "Kí lẹ ó mu?" Ogún ìṣẹ́jú ti lọ o.

Kámẹ́rà_Lọ́wọ́:
Ọmọ_Ọláìyá, ẹ rọra. Èyí tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, Fresh Guacamole ni wọ́n ń pè é, ọdún 2012 ló jáde. Kò pé ìṣẹ́jú méjì, síbẹ̀ wọ́n yàn án mọ́ àwọn tó ń du Oscar, ẹ̀bùn fíìmù ńlá ti Amẹ́ríkà, kò sì tíì sí fíìmù tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n yàn rí nígbà náà. Ẹ tún un wò lójú inú yín: ọwọ́ nìkan lẹ rí, ẹ ò rí ojú ẹnì kankan. Ọwọ́ gbé bọ́ǹbù, ó gé e sí méjì bí ẹni gé píà, inú rẹ̀ sì jẹ́ inú píà. Ó gé bọ́ọ̀lù bí ẹni gé àlùbọ́sà, dáìsì lúdò ló ń já bọ́ lábẹ́ ọ̀bẹ. Ẹni tó ṣe é á ya fọ́tò kan, á sún nǹkan díẹ̀, á tún ya òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ títí. Ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo nínú fíìmù, àwòrán 24 ni. Ẹ wá sọ fún mi pé iṣẹ́ kékeré ni.

Ti pé ó kúrú kì í ṣe ohun tuntun rárá. Nígbà tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lumière kọ́kọ́ ṣí sinimá fún ẹni tó bá sanwó ní Paris, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, fíìmù mẹ́wàá ni wọ́n fi hàn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó pé ìṣẹ́jú kan. Téèpù tí ẹ̀rọ wọn lè gbà kò ju bíi mítà 17 lọ, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń yí i. Èèyàn 33 ló sanwó, fráǹkì kọ̀ọ̀kan. (Àgbàlá_Fíìmù, ẹ ò rí i pé tiyín pọ̀ ju ìyẹn lọ.) Ti aṣọ́gbà tí gbogbo ọmọdé ń kígbe sí ní Sátidé wà nínú mẹ́wàá yẹn. Aṣọ́gbà ń bomi rin ewéko, ọmọkùnrin kan yọ́ wá láti ẹ̀yìn, ó tẹ rọ́bà mọ́lẹ̀. Omi dá. Aṣọ́gbà gbé ẹnu rọ́bà sókè, ó ń yọjú wò ó, ọmọ gbé ẹsẹ̀ kúrò, omi bẹ́ sí i lójú. Ó lé ọmọ bá, ó fún un ní tiẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ń bẹ, ìjà ń bẹ, ìdájọ́ ń bẹ. Kí ló kù?

Ọmọ_Ọláìyá:
Ti aṣọ́gbà dùn, mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó rẹ́rìn-ín tán, òmíràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_ÒkèBaálẹ̀:
Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tí wọ́n bi wá. Èmi wà ní ìlà ẹ̀yìn tí ẹ ń sọ yẹn. Ìyá ọkọ mi ni mo mú dání, wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ojú wọn ò sì ríran ka ohun tó kéré. Títí fíìmù Sẹ̀nẹ̀gà yẹn fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ geere, torí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ nínú àwọn tó ṣáájú.

Fún ẹni tí kò wá, ọkùnrin kan ni, ó ń fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ onípákó kó èrò àti ẹrù ní Dakar. Òwúrọ̀ ni, kò tíì rí nǹkan gbé délé. Ló bá pàdé akéwì kan tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìran rẹ̀: ọmọ jagunjagun, ọmọ ẹni tí kì í sá. Orí wú ọkùnrin náà, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó gbogbo owó tó ti rí fún akéwì. Bàbá ẹ̀yìn túmọ̀ oríkì yẹn bí ẹni pé àwọn gan-an ni onírárà. Ìyá ọkọ mi na ọwọ́ sí ara ògiri: "Ẹ wò ó! Ó ti kó owó ọbẹ̀ fún onílù!" Gbogbo wa là ń rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní Òṣogbo?

Lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan gbé òkú ọmọ rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ yẹn, wọ́n gbé e dé itẹ́ òkú, wọ́n ní ìwé rẹ̀ kò pé. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rò nìyẹn. Ẹni tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀, ọkùnrin kan tó dúró lẹ́nu géètì nìkan ni yóò rí. Kò ní mọ̀ pé bébà ló ń dí òkú ọmọ lọ́wọ́. Ìyá ọkọ mi mọ̀, torí bàbá sọ ọ́. Wọ́n ò tún rẹ́rìn-ín mọ́ títí ó fi parí.

Ẹ fi ẹnì kan sídìí máìkì.

Àdìrẹ_Ẹlẹ́kọ:
Ẹ̀gbọ́n mi ìyá ìbejì, mo gbọ́ tiyín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlà iwájú. Èmi wà lára àwọn tó ní kí bàbá dákẹ́, mi ò sì fi bú wọn.

Ẹ rántí ti Kánádà, Neighbours, tí Norman McLaren ṣe ní 1952. Ìṣẹ́jú bíi mẹ́jọ, kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu kan níbẹ̀, ó sì gba Oscar. Àwọn aládùúgbò méjì jókòó sórí àga lórí koríko, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn, wọ́n ń fún ara wọn níná fún páìpù. Òdòdó kan hù láàárín wọn. Ọ̀kan gbé pákó wá, ó ní ọ̀dọ̀ tòun ló bọ́ sí. Èkejì yẹ̀ ẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jà. Àwọn èèyàn gidi ni, ṣùgbọ́n McLaren ya wọ́n ní àwòrán kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ya ọmọlangidi, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń yọ̀ lọ lórí koríko láìgbé ẹsẹ̀. A ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n wọ ilé ara wọn tí wọ́n sì kọjú sí ìyàwó àti ọmọ ọwọ́, ẹnì kankan ò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà kan rí, wọ́n gé apá ibẹ̀ yẹn kúrò kí wọ́n tó dá a padà, ẹ sì rí ìdí rẹ̀.

Nígbà tó parí, bàbá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ wa ní oko nìyẹn." Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ká ní ẹnì kan ti wà nídìí máìkì tó ń pariwo "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń jà nítorí òdòdó!", ṣé bàbá yìí máa ráyè ronú kan oko tiwọn? Àwọn òbí wa wo fíìmù Íńdíà títí láìgbọ́ ọ̀rọ̀ kan, wọ́n sunkún ibi tó yẹ kí wọ́n sunkún, wọ́n tún ń kọ orin rẹ̀ wálé.

Ìyá_Ìbejì_ÒkèBaálẹ̀:
Fíìmù Íńdíà náà, ẹnì kan máa ń wà níbẹ̀ tó ti wò ó rí, tó ń sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Wàhálà_Kòsí:
Ẹni yẹn gan-an! Á sì sọ fún yín pé akọni kò ní kú, kẹ́ ẹ tó jókòó.

Àgbà_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Ohun tí ẹ ń jà lé lórí yìí ti wà kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú yín. Nígbà ìjọba òyìnbó, ọkọ̀ sinimá máa ń rìn kiri ìlú àti abúlé. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1939, Colonial Film Unit, láti máa ṣe fíìmù fún àwa tó wà lábẹ́ wọn. Lálẹ́, wọ́n á ta aṣọ, wọ́n á tan ẹ̀rọ, ẹnì kan á sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò máa fi èdè ìlú ṣàlàyé ohun tó ń lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí nìyẹn. Láìsí ẹni yẹn, òyìnbó mọ̀ pé asán ni fíìmù òun.

Ìdí rèé tí mi ò fi kánjú gbárùkù ti máìkì yín. Ẹni tó bá di ohùn mú ló di ìtumọ̀ mú. Ohun tí ìjọba bá fẹ́ ká gbọ́ ni ògbufọ̀ yẹn ń sọ: ẹ san owó orí, ẹ ṣe báyìí, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán lè máa sọ nǹkan mìíràn.

Síbẹ̀, ìlú yìí kì í ṣe ìlú tó ń wòran láìfọhùn. Ní 1962 tí Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayọ̀, ilé eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ níhìn-ín, òǹwòran ń bá òṣèré sọ̀rọ̀, ó ń bá onílù ki oríkì. Ẹni tó bá ní kí ará Òṣogbo wo nǹkan kó sì pa ẹnu mọ́, kó lọ gbé eré rẹ̀ síbòmíràn.

Kámẹ́rà_Lọ́wọ́:
Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Èmi náà fẹ́ fi kún un. Ní Jàpáànù, nígbà tí fíìmù kò tíì lóhùn, àwọn asọ̀tàn tí wọ́n ń pè ní benshi máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, wọ́n á sọ ìtàn náà, wọ́n á sì fi ohùn sí ẹnu òṣèré kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú wọn lókìkí débi pé tìtorí tiwọn ni èrò fi ń wọlé, kì í ṣe tìtorí fíìmù. Ní Ùgáńdà lónìí, àwọn tí wọ́n ń pè ní VJ ṣì ń fi èdè Luganda túmọ̀ fíìmù òkèèrè fún èrò, wọ́n ń fi àwàdà tiwọn lé e. Nítorí náà, kò sí ìtìjú nínú ohun tí bàbá ẹ̀yìn ṣe. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí ẹni ìdí máìkì má di òun ni fíìmù.

Ṣọ́ọ̀bù_Aṣọ:
Mo ń kà yín láti àárọ̀ láìfèsì. Mo ti fi òwò aṣọ gbé Dakar fún ìgbà díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa fíìmù ọlọ́kọ̀ ẹṣin yẹn. Borom Sarret lorúkọ rẹ̀, Ousmane Sembène ló ṣe é ní 1963. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀, tí ọkùnrin náà ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Faransé, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń yà á ni wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n yà á tán ni wọ́n fi ohùn lé e. Ẹ wá bi ara yín: ọkùnrin Dakar tí ebi ń pa, tó ń bá ẹṣin rẹ̀ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kùtù, ṣé Faransé ni yóò sọ? Wolof, èdè ìlú wọn, ni yóò sọ. Sembène náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó padà ṣe fíìmù Mandabi ní Wolof ní 1968. Òǹkọ̀wé ni tẹ́lẹ̀, ohun tó gbé e dé ìdí sinimá ni pé ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ kò lè ka ìwé tó ń kọ. Ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ ló máa ń pe sinimá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé bàbá ba fíìmù jẹ́, ohùn wo gan-an ni wọ́n bò mọ́lẹ̀? Ohùn tí wọ́n gbé kà á lórí ni. Wọ́n gbé Yorùbá lé Faransé tó ti bo Wolof.

Àdìrẹ_Ẹlẹ́kọ:
Ẹ dákẹ́. Mi ò mọ ìyẹn.

Ó dáa, mo gbà fún ti Sẹ̀nẹ̀gà. Mi ò gbà fún ti Kánádà, mi ò sì gbà fún ti Ìránì, tí ọmọkùnrin kan ti ra búrẹ́dì tó ń bọ̀ wálé tí ajá dí i lọ́nà. Kiarostami, ará Ìránì, ló ṣe é, 1970. Ọmọ náà dúró sí kọ̀rọ̀, kò lè lọ síwájú, kò lè padà. Ẹ rántí bí gbogbo àgbàlá ṣe ń bá a dá ọgbọ́n: "Sọ òkúta sí i!" "Fún un ní búrẹ́dì!" Nígbà tó já búrẹ́dì sílẹ̀ fún ajá, ṣé ẹ gbọ́ ariwo tó sọ? Ẹni tó bá fi máìkì bo ariwo yẹn mọ́lẹ̀ kò ṣe wá lóore.

Ọmọ_Ọláìyá:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo ní ìbéèrè, kẹ́ ẹ má bínú. Ṣebí ẹ ní wọ́n kúrú? Kí ló dé tí a ò lè wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ gbé e ní jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ká wò ó bí ẹni tó ṣe é ṣe fẹ́. Kẹ́ ẹ tún un gbé, kí bàbá sọ tiwọn lórí ẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ tiẹ̀ náà sọ ọ́. Ẹ lè ṣe ìyẹn sí fíìmù ìṣẹ́jú kan, ẹ ò lè ṣe é sí ti wákàtí kan àbọ̀. Èmi náà á sì rí ibi na ẹsẹ̀ sí.

Kámẹ́rà_Lọ́wọ́:
Ọmọ_Ọláìyá! Ẹ̀yin lẹ ní kì í ṣe fíìmù?

Èyí dára o. Àwọn tó ń gbé fíìmù Lumière kiri náà máa ń tún un gbé. Ọ̀kan wà tí wọ́n ti ń wó ògiri, wọ́n máa ń yí i padà sẹ́yìn kí ògiri náà lè tún ara rẹ̀ mọ lójú gbogbo èèyàn.

Ọmọ_Ọláìyá:
Ẹ gbé ìyẹn wá lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà nílò irú fíìmù bẹ́ẹ̀.

Àgbàlá_Fíìmù:
Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo ti rí ibi tí a máa gbé e gbà. Àwọn tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ẹ̀ẹ̀mejì: àkọ́kọ́ láìsí máìkì, èkejì tẹnu-tẹnu. Ti Sẹ̀nẹ̀gà gùn, mi ò lè gbé e lẹ́ẹ̀mejì lálẹ́ kan, ẹ̀ẹ̀kan ni, pẹ̀lú ohùn Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ti bẹ̀ mí pé kí n tún un gbé.

Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ mọ bàbá yẹn?

Ìyá_Ìbejì_ÒkèBaálẹ̀:
Mo mọ̀ wọ́n. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Mo ti yà sọ́dọ̀ wọn lọ́sàn-án yìí. Wọ́n ní àwọn á ṣe é, àmọ́ wọ́n ní àwọn ò lè máa sáré tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ bíi ti Sátidé mọ́. Wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ wò ó nílé, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n tún béèrè bóyá àwọn lè ki oríkì ibi akéwì yẹn lọ́nà tàwọn.

Àgbà_Ìsàlẹ̀Ọ̀ṣun:
Kí wọ́n kì í. Kí wọ́n má sì fi ti ara wọn kún un nígbà tó bá dé ibi ọlọ́pàá. Ẹni tó bá wò ó rántí: ọlọ́kọ̀ ẹṣin yẹn gbé ọkùnrin kan lọ sí àdúgbò àwọn olówó tí kẹ̀kẹ́ ẹṣin kò gbọdọ̀ wọ̀, ọlọ́pàá dá a dúró. Bó ṣe ń fa ìwé yọ, àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ já bọ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Kí máìkì dákẹ́ níbẹ̀.

Àdìrẹ_Ẹlẹ́kọ:
Bàbá, ẹ ti bá mi sọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ń bẹ̀rù.

Àgbàlá_Fíìmù:
Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: máìkì kò gbọdọ̀ fọhùn níbi bàtà.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù. Ilẹ̀ kì í ṣú tán kó tó kọjá agogo méje, torí náà ẹ má fi agogo mẹ́fà dá mi láàmú. Jẹ́nẹ́rétọ̀ á lọ sẹ́yìn ilé, ariwo rẹ̀ pọ̀ jù ní Sátidé, ìyẹn náà wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ìlà ẹ̀yìn gbọ́ nǹkan. Mo nílò okùn iná tó gùn tó mítà ogójì, ta ló ní? Ẹni tó bá lè gbé àga wá, kó gbé e wá, kó sì fi ìlà iwájú sílẹ̀ fún àwọn tí ojú wọn ò ríran dáadáa. Ọ̀dọ́ tó bá ti ń ka ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ láti ìlà kẹta kò ní àìsàn kankan.

Ṣọ́ọ̀bù_Aṣọ:
Okùn iná wà lọ́dọ̀ mi. Aṣọ funfun tó fẹ̀ náà wà. Èyí tí ẹ lò yẹn ní ojú-rírán láàárín, ó ń kọjá lójú gbogbo òṣèré bí ilà.

Wàhálà_Kòsí:
Kí ẹlẹ́pà gbé ẹ̀pà tó pọ̀ wá o. Fíìmù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀pà lẹ́ẹ̀mejì.